Ẹ̀jẹ̀ Tó Mọ́ Bí Omi Òjò

Nígbà tí aránṣọ kan ń wọlé ọkọ, ìyá ọkọ rẹ̀ fi yé e pé oore ńlá ni wọ́n ṣe fún un. Ẹ̀jẹ̀ ìdílé àwọn mọ́ bí omi òjò: kò sí wèrè níbẹ̀, kò sí arọ, kò sí adití. Ìyàwó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Kí ni kò bá tún ṣe? Ẹni tó ti ń fi ẹ̀rọ ìránṣọ bọ́ ara rẹ̀ láti ìgbà èwe ni, kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ pàápàá máa ń joyè.

Ọmọbìnrin kan ni wọ́n bí. Ó ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ẹ̀gà nígbà tó ré bọ́ lórí àga ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, tó sì forí gbá ẹsẹ̀ tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ. Kókó kékeré ló yọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá pè é títí, kò yíjú. Ó ju àwo páànù sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀; ọmọ ń to bọ́tìnnì rẹ̀ lọ.

Ẹjọ́ dé pálọ̀ ìyá ọkọ. Òun ni adájọ́, òun ni ẹlẹ́rìí, òun náà ni ọlọ́pàá. Ó ní òwú tí ìyá bá gbọ̀n lọmọ ń ran, kí ìyàwó lọ wádìí ilé bàbá rẹ̀ wò dáadáa. Ọkọ, mẹkáníìkì tí ẹ̀rọ ọkọ̀ kankan kì í bà lẹ́rù, gbójú sókè, ó ń wo àjà bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìdáhùn wà.

Aránṣọ kò jiyàn. Ó gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ya àwòrán inú etí rẹ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ tìyá tọmọ, wọ́n gba ti bàbá. Lọ́jọ́ tí èsì dé, ìyá ọkọ bá wọn lọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa yí ẹjọ́ po.

Dókítà obìnrin kan ṣàlàyé wẹ́rẹ́. Ó ní ohun àjogúnbá kan wà nínú ara tí wọ́n ń pè ní jíìnì, òun ló ń darí bí ara ṣe ń ṣe purotéènì kan tó dà bí alábàárù. Alábàárù yìí ló ń ru àwọn èròjà iyọ̀ kọjá nínú etí, òun náà ló ń ru ayodíìnì lọ síbi tí ọrùn ti ń lò ó. Bí jíìnì bá ti bàjẹ́, ẹrù ò kọjá mọ́. Etí á wá di ẹlẹgẹ́, orí gbígbá díẹ̀ á sì dí i. Tó bá yá, gẹ̀gẹ̀ lè yọ lọ́rùn.

"Ọ̀dọ̀ ta ló ti rí i?" Ìyá ọkọ ti ń wo ìyàwó látòkè délẹ̀.

"Ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì ni, Mà. Ìyá fún un ní ẹyọ kan, bàbá fún un ní ẹyọ kan. Ẹyọ kan ṣoṣo ò lè dí etí."

Ìyá ọkọ ní irọ́ ni. Dókítà, tí kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ olóyè lòun ń bá wí, bi í bóyá ẹnì kan wà nínú ẹbí tí kì í gbọ́ràn dáadáa, tàbí tí ọrùn rẹ̀ wú.

"Màámi," ni ọkọ wí, "Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n yìí ni àkọ́bí ilé náà, tí wọ́n ń pè ní Agbọ́-má-fèsì. Bí wọ́n bá kí i látẹ̀yìn, kì í dáhùn. Wọ́n ní ìgbéraga ni. Bí oòrùn ti wù kó mú tó, kì í tú ìborùn kúrò lọ́rùn. Wọ́n ní oge ni. Láti kékeré ni ìdílé tí kò ní adití ti ń bá adití bínú.

Wọ́n yẹ òun náà wò. Jíìnì kan náà ni, gẹ̀gẹ̀ ló sì ń fi ìborùn bò. Dókítà ní ìyá àti bàbá rẹ̀ ló jọ fi ta á lọ́rẹ. Ìyá ọkọ rò ó síwá sẹ́yìn, ó wá gbà pé ọ̀dọ̀ ọkọ òun tó ti kú ni ẹyọ méjèèjì ti wá. Òkú kì í jiyàn.

Àwíjàre kò dùn mọ́ aránṣọ. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé ọmọ rẹ̀ kò mọ ohùn òun mọ́. Ó mú ọmọ, ó mú ẹ̀gbọ́n ọkọ, wọ́n jọ ń lọ kọ́ èdè afọwọ́sọ. Wọ́n ra ẹ̀rọ ìgbọ́ràn fún àwọn méjèèjì. Ti ọmọ ṣiṣẹ́ díẹ̀, létí kan péré. Ti ẹ̀gbọ́n ṣiṣẹ́ àṣejù. Nípàdé ẹbí, ó gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, ó sì ń fún kálukú lésì tirẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìgbójú kúrò lára ìyá rẹ̀.

Aránṣọ fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ fọwọ́ bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó gbé e sórí ẹsẹ̀, ó sì fọwọ́ ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀.