Bí mo ṣe gba orin mọ́ Bàbá Lúsíẹ̀nì lọ́wọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láàyè kí n ròyìn ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi fà.

Ẹ mọ̀ mí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, àmọ́ tó bá di ká ta gìtá, láti Woolwich dé Abbey Wood nílùú Ọba níbí, ta ló tó bẹ́ẹ̀? Èmi ni mò ń ta lead, gìtá tó ń ṣáájú, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Tí mo bá fọwọ́ kan okùn, pásítọ̀ gan-an á jó!

Bàbá Lúsíẹ̀nì, ará Faransé, ló ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ní Thamesmead. Òun pẹ̀lú gìtá rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ oní-fayolíìnì máa ń ṣeré ní Birchmere Park lọ́sàn-án Sátidé. Kò sí ìlù, kò sí sípíkà. Orin Faransé wọn á máa tọ bí àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣeré ten-ten, ẹ̀rín á kàn máa pa yín!

Ẹni tó ń ta gìtá kejì fún wọn kó lọ, ni Bàbá bá bẹ̀ mí. Ó ní ọmọ-ọmọ òun ń bọ̀ láti Paris, ó fẹ́ fi fóònù ya fídíò orin tí òun ṣe fún ìyàwó òun tó ti kú. Ó ní kí n kàn máa gé e ṣàkà-ṣàkà, torí gìtá kejì ni ìlù wọn. Ó ní ká kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ wò. Èmi? Rehearsal? Mo ní, "Daddy, leave it for me!" Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ là ń gbé rhythm, gìtá kejì yẹn, fún o.

Sátidé dé. Ọmọ náà gbé fóònù sókè, Bàbá bẹ̀rẹ̀. Mo gé e díẹ̀. Àfi bí mo ṣe rí i tí èrò ń dúró wò wá! Orí mi wú. Mo pa ṣàkà-ṣàkà tì, mo bọ́ sórí okùn tín-ín-rín, mo da praise worship bolẹ̀! Fayolíìnì ṣìnà. Ọwọ́ Bàbá dúró. Mi ò tiẹ̀ mọ̀, mo ti dijú!

Nígbà tí mo lajú, Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní mo mọ gìtá ta. Ó gbé tiẹ̀ sínú àpótí. Ọmọ náà bẹ̀ ẹ́ kó tún un ta, Bàbá ní ó rẹ òun, ó di ìgbà míì.

Nílé, ìyàwó mi ní, "Daddy Tómi, ṣé torí yín lọmọ yẹn ṣe wọ train láti Paris ni?" Mo dá a lóhùn pé kò mọ orin.

Ìgbà míì yẹn ò dé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, stroke mú ọwọ́ òsì Bàbá, kò lè ta gìtá mọ́. Mo lọ tọrọ àforíjì, ó ní kò sí wàhálà. A jọ wo fídíò náà. Mo ta á dáadáa o, mi ò ní purọ́. Àmọ́ orin ìyàwó rẹ̀ dà? Èmi nìkan là ń gbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá gbè, ẹ gbè é fún wọn! Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti ba tiẹ̀ jẹ́ báyìí rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kó má jẹ́ èmi nìkan lójú ń tì.