Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà Fi Ìró Bo Òdòdó

Ọjọ́ tí mo kun òdòdó sára ògiri ilé wa ní Odomẹ̀ta ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi.

Olùkọ́ wa ló fún mi ní ọ̀dà akirílíìkì tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a kun kíláàsì wa. Láàárọ̀ Sátidé, mo kun òdòdó aláwọ̀ aró, mo kun aláwọ̀ ọsàn, mo sì fi pupa parí rẹ̀. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, jókòó sórí àpótí, ó ń wò mí. Orúnkún ń dùn ún, ọ̀pá ló fi ń rìn.

Bí mo ṣe gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ báyìí ni òjò ńlá dé. Àyà mi já! Amọ̀ pupa àti ẹfun la fi ń kun ògiri wa lọ́dọọdún, àkọ́rọ̀ òjò a sì fọ gbogbo rẹ̀ dànù. Mo bú sẹ́kún.

"Àṣàkẹ́, má sunkún!" Ìyá àgbà ti dìde. Kò mú ọ̀pá. Ó sáré bọ́ sínú òjò, ó tú ìró funfun rẹ̀, ó ku òun àti yẹ̀rì, ó fi ìró náà bo òdòdó, ó sì fẹ̀yìn tì í.

Nígbà tí òjò dá, a ṣí ìró náà. Òjò kò mú òdòdó kankan lọ; omi kì í fọ ọ̀dà akirílíìkì bó bá ti gbẹ. Pupa tí kò tíì gbẹ nìkan ló lẹ̀ mọ́ aṣọ, ó sì ya òdòdó síbẹ̀. Mo fọ̀ ọ́ títí, kò ṣí.

"Fi í sílẹ̀," ni ìyá àgbà wí. "Èmi náà ti di ògiri."

Lọ́jọ́ kejì, ìró yẹn ló ró lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó bo òdòdó òun.