Aránbàtà Tí Wọ́n Sọ Di Síáídì

Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ eléyìí o, torí láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ ni ẹnu ti ń yún mi! Ẹ mọ lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n máa ń kọ sára ilẹ̀kùn kan ní àgọ́ ọlọ́pàá, C, I àti D? Ẹ̀ka tó ń wádìí ọ̀ràn ló dúró fún, àwọn tí à ń pè ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ará àdúgbò, Síáídì ti di ẹnikẹ́ni tí kò wọ aṣọ ọlọ́pàá, tó sì ń béèrè ọ̀rọ̀ jù. Ibẹ̀ gan-an ni aránbàtà kan kó sí.

Ọkùnrin yìí kì í wo ojú èèyàn kó tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá ti gba bàtà, á dojú rẹ̀ dé, á fi àtàǹpàkò tẹ gìgísẹ̀ rẹ̀, á sì béèrè ibi tí ẹni tó ni ín ń rìn sí, torí awọ tó yẹ bàtà ẹni tó ń gun òkè kọ́ ló yẹ bàtà ẹni tó ń jókòó sọ́fíìsì. Lọ́jọ́ kan, ó bi ọ̀dọ́kùnrin kan pé, "Àbúrò, ibo lo ti kó gbogbo ẹrẹ̀ pupa yìí?" Ìyá onídìrí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin yìí, Síáídì ni yín!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, aránbàtà náà rẹ́rìn-ín.

Ilẹ̀ mọ́, àwọn ọlọ́pàá tí kò wọ aṣọ iṣẹ́ dé, wọ́n mú ọ̀dọ́kùnrin náà. Òun ló ń jí wáyà níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé! Ẹ̀rín bá di ẹ̀rù. Àwọn oníbàárà sá. Bí aránbàtà bá dé ìdí ẹ̀rọ omi, ọ̀rọ̀ á kú mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu.

"Èmi kì í ṣe ọlọ́pàá o!"

"A ti gbọ́, ọ̀gá," ni ìyá onídìrí fèsì. "Síáídì wo ló jẹ́wọ́ rí?"

Ẹ gbọ́, aṣọ la fi ń dá ọlọ́pàá mọ̀. Ẹni tí wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ ò ní aṣọ ńkọ́, kí ni kó bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbà pé kò ṣe é?

Ló bá forí lé àgọ́ ọlọ́pàá, kí wọ́n bá òun sọ fún àdúgbò pé òun kì í ṣe tiwọn. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó bá níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

"Bàbá, ohun tí à ń sọ nípa àwọn èèyàn wa gan-an náà nìyẹn, pé wọn kì í ṣe tiwa. Ẹ máa lọ sílé."

Bó ṣe ń jáde, ta ló rí ní òdìkejì títì? Ìyá onídìrí! Ìyá kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá."

Nírọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó jókòó tì í, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bàbá ọmọ mi, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣé èmi náà ò tó ẹni tí ẹ lè finú hàn ni?"

Ó lanu láti sẹ́. Ó tún pa á dé. Bó bá sẹ́, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Bó bá dákẹ́, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ṣì ń jókòó nídìí iṣẹ́ rẹ̀ títí dòní. Àwọn àlejò tí kò mọ̀ ọ́n nìkan ló ń gbé bàtà wá, kò sì jẹ́ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń rìn sí mọ́. Ó kàn ń rán an, bàtà náà á sì tún já. Bí ẹ bá ní àsọdùn ni, ẹ lọ wò ó fúnra yín. Ẹ ṣáà jókòó tì í díẹ̀, kí ẹ wá rí ojú tí gbogbo títì máa fi wo ẹ̀yin náà.