Ọwọ́ Méjèèjì Lókè

Títí di òní, bí mo bá rántí fídíò yẹn, itọ́ ẹnu mi máa ń korò.

Ẹgbẹ́ olórin òyìnbó kan wà tí mo fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ. Orin onígìtá líle tí wọ́n ń pè ní mẹ́tàlì ni wọ́n ń kọ, irú èyí tí orin kan lè gba ogún ìṣẹ́jú, tí ìlù rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Nínú yàrá wa ní Magboro, oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi kọ́ ibì kan ṣoṣo nínú orin wọn tí onígìtá wọn ti ń fi ìka sáré. Ìka mi bó. Ariwo náà sú ìyàwó mi, ṣùgbọ́n ó fara dà á.

Èmi ni onígìtá ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Mọ́wè. Lọ́jọ́ kan, olùdarí akọrin wa, ìyá àgbàlagbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, ní orin tí wọ́n ti gbà sínú kọ̀ǹpútà, tìlù tìgìtá, ló kù tí a ó máa lò: ká kàn tẹ̀ ẹ́, kó máa lọ. Iṣẹ́ tèmi parí nìyẹn. Mo yarí kanlẹ̀.

Mo ní, "Mọ́mì, olórin gidi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo àwọn kan nílé mi. Bí ẹ bá wò wọ́n tán tí ọ̀rọ̀ mi ò wọ̀ yín létí, ẹ ṣe bó ṣe wù yín."

Fídíò tuntun tí ẹgbẹ́ yẹn ti ṣeré lójú èrò ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Mi ò kọ́kọ́ wò ó. Kí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò lára wọn?

Lọ́sàn-án Sátidé, Mọ́mì wá láti Ìbàfò. Ìyàwó mi gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún wọn. Mo tan fídíò náà. Nígbà tó kan ibi tí mo fi oṣù mẹ́jọ kọ́, mo sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, mo ní, "Ẹ wo ọwọ́ ẹ̀ báyìí o."

Onígìtá na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń pàtẹ́wọ́ kí èrò bá a pa á. Gìtá ò dákẹ́. Ó ń sáré lọ bó ṣe ń sáré nínú yàrá mi, ìka kan ò sì sí lórí okùn.

Ṣíọ̀. Ó ṣe mí bí ẹni tó rí irun nínú ọbẹ̀ tó ti jẹ dé ìdajì. Ojú ò tiẹ̀ ti ọkùnrin náà, ẹ̀rín ló ń rín. Mọ́mì ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n mu ọtí wọn tán, wọ́n ní, "Ó dùn o. Wọ́n mọṣẹ́."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Mọ́mì tẹ kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní kí n ṣì gbé gìtá kọ́rùn, torí àwọn ará fẹ́ràn láti máa rí i. Wáyà rẹ̀ ò sí lára nǹkan kan, mo sì ń fi ìka jó lórí okùn bí ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Ara mi kó mi nírìíra.

Orin wọ ìjọ lára, pásítọ̀ ní kí gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún Olúwa. Mo na ọwọ́ méjèèjì sókè. Gìtá ò dákẹ́. Nínú gbogbo èrò yẹn, ìyàwó mi nìkan ló gbójú kúrò lára mi.