Ṣúgà Inú Fìlà

Bàbá Télọ̀, ẹ̀gbọ́n màmá mi tí a jọ ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, kì í dé fìlà láìki hóró ṣúgà méjì bọ inú rẹ̀. Àràárọ̀ ni wọ́n ń gún ara wọn ní abẹ́rẹ́ ìnsúlíìnì nítorí àtọ̀gbẹ; bí wọn ò bá sì jẹun lé e, ṣúgà ara wọn á lọ sílẹ̀ jù. Wọ́n á ní, "Bí ẹ bá rí mi bí ọ̀mùtí, ẹ fi ṣúgà sí mi lẹ́nu ná, kí ẹ tó bú mi."

Lọ́jọ́ kan, wọ́n lọ wọn aṣọ fún oníbàárà kan ní Ìrẹsà, lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹmu ni onítọ̀hún fi ṣe wọ́n lálejò, wọn ò sì jẹun. Nígbà tí wọ́n padà dé ní ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ wọn ò ranlẹ̀ mọ́, òógùn bò wọ́n. Òórùn ẹmu nìkan ni mo gbọ́. Ìkìlọ̀ wọn ò tiẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn. Ààfáà àdúgbò sì wà ní pálọ̀ wa.

Mo fà wọ́n wọ yàrá wọn, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sùn. Ẹ má dójú tì wá."

Wọ́n ń nawọ́ sí orí, ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu wọn. Mo rò pé fìlà ló ń ni wọ́n lára. Mo bá wọn ṣí i, mo gbé e kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo sì pa ilẹ̀kùn dé.

Nígbà tí ààfáà lọ tí mo padà wọ yàrá náà, wọ́n ti kú. Hóró ṣúgà méjèèjì ṣì wà nínú fìlà, níbi tí mo gbé e kọ́.