Epo Kajú Lórí Fínfín Apá Mi

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni, ní Ìwéré-Ilé, èéfín kajú tí wọ́n ń yan lẹ́yìnkùlé sì ti gba gbogbo ilé. Ẹni tí ó bá dàgbà ní Òkè-Ògùn mọ òórùn yẹn: ó ń ta sánsán bí oúnjẹ, ó sì ń ta lójú bí ata. Mo jókòó lórí àpótí, mo ká apá aṣọ mi sókè, mo na apá òsì sí àbúrò ìyá mi. Mo fẹ́ kí ó bá mi pa orúkọ ara mi rẹ́.

Fínfín ni, ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní tatúù, àmọ́ tèmi kì í ṣe ti fáàrí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi ń ṣòwò ní Kutonu, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni mo ń gbé. Mo sọnù lọ́jọ́ ọjà kan. Mo bá àwọn ọmọ kan wọ bọ́ọ̀sì kékeré, Òkèhò ni wọ́n ti rí mi nírọ̀lẹ́, n kò sì lè sọ ju pé ọmọ ìyá àgbà ni mí. Kò pẹ́ sí i ni ìyá àgbà mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tí ó máa ń fi abẹ́rẹ́ àti tàdáwà dúdú fín orúkọ sápá àwọn obìnrin. ÀDÙKẸ́ ÌWÉRÉ-ILÉ. Lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà, láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìtòsí ìgunpá. Mo sunkún títí mo fi sùn. Ìyá àgbà ní, “Ibi tó wù kó o sọnù sí báyìí, wọ́n á mú ẹ wálé.”

Ní yunifásítì, aṣọ alápá gígùn ni mò ń wọ̀, oòrùn ìbáà mú. Mo lè fara da ìyẹn. Àmọ́ lẹ́yìn tí mo ti jókòó sílé títí, orúkọ mi jáde níbi iṣẹ́ ìjọba kan tí wọ́n ń wọ yúnífọ́ọ̀mù. Ó ku àyẹ̀wò ara, wọ́n sì ti kéde pé ẹni tí ó bá ní fínfín kò gbọdọ̀ yọjú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ó ṣe rí lára mi. Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Ojú ń tì mí nítorí fínfín náà, ojú sì tún ń tì mí pé ojú ń tì mí.

Mo lọ bá dókítà awọ ara kan ní Ṣakí. Ó ní ìtànṣán lésà ló dára jù, àmọ́ Ìbàdàn ni mo máa lọ, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan: wọ́n á ṣe é, wọ́n á jẹ́ kí awọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á tún un ṣe, ó sì lè tó ọdún kan. Mo bi í bóyá a lè gé e kúrò. Ó ní fínfín kékeré ni wọ́n ń gé, tí wọ́n á rán awọ pọ̀. Tèmi ti gùn jù. Àwọn kan tún máa ń ha awọ òkè kúrò, àpá rẹ̀ kì í sì í kéré.

“Ìgbà wo ni àyẹ̀wò yín?”

“Oṣù tó ń bọ̀ ni, sà.”

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá nǹkan kan ṣe sí i nílé o.”

Mo gbọ́, àmọ́ oṣù kan kò lè di ọdún kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà fún àbúrò ìyá mi, tí ó ń ṣòwò kajú. Gbogbo wa tí a dàgbà níbẹ̀ la mọ̀ pé epo inú èèpo kajú ń jó ara. Nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, a máa ń fi kọ orúkọ sára, awọ á bó, àpá á kù. Àbúrò ìyá mi wá rò pé ohun tí ó lè kọ orúkọ lè pa á rẹ́.

“Àǹtí, ṣé ó dá yín lójú?” Mo bi í lórí àpótí láàárọ̀ Sátidé yẹn.

“Ìwọ tó o kàwé ló yẹ kó o sọ fún mi. Ṣé ilé ọkọ ni mò ń mú ẹ lọ ni, tó o fi ń gbọ̀n báyìí?”

Ó fi ìyẹ́ adìyẹ kán epo náà sórí lẹ́tà àkọ́kọ́. Ó kọ́kọ́ dà bíi pé kò sí nǹkan. Lẹ́yìn náà ni iná bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ awọ, bíi pé ẹ̀yinná kan ń wá ọ̀nà àtijáde. Mo figbe ta. Ìyá àgbà, tí kì í lè yára rìn mọ́, sáré jáde pẹ̀lú bútà àlùwàlá rẹ̀. Ó da omi sí i, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó tún da omi.

“Ta ni o ò fẹ́ kó mọ ilé ẹ?”

“Ẹ má bínú, Màmá. Nítorí iṣẹ́ ni.”

“Iṣẹ́ wo ni ò fẹ́ kéèyàn lórúkọ?”

Àbúrò ìyá mi ti wọlé lọ, ó ń ṣe bí ẹni tí ó ń wá nǹkan.

Ibẹ̀ ró, ó bó, ó kẹ̀. Nígbà tí ó jiná, àpá lílé ló kù, dúdú tàdáwà sì ṣì hàn lábẹ́ rẹ̀. Níbi àyẹ̀wò, ọ̀gá obìnrin kan gbá apá mi mú, ó wò ó síwá sẹ́yìn. “Kí lo fi jó ara ẹ báyìí? Máa lọ. Tó bá ti kúrò, kó o padà wá.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò mọ ohun tí mò ń dúpẹ́ fún.

Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe ní Ìsẹ́yìn báyìí. Wọ́n ní wọn yóò tún gba èèyàn, àkókò sì wà fún lésà lọ́tẹ̀ yìí. Àmọ́ ìyá àgbà ti ń gbàgbé nǹkan. Lọ́jọ́ mìíràn tí mo bá wọlé, á kí mi bí àlejò, á ní, “Ẹ káàbọ̀ o. Ọmọ ta ni yín?” Mo máa ń jókòó tì í, mo máa ń na apá mi sí i. Kò mọ̀wé, àmọ́ ó mọ ohun tí ó ní kí wọ́n fín. Á fi àtàǹpàkò tọ̀ ọ́ láti ọrùn ọwọ́ lọ sókè, á dúró díẹ̀ níbi àpá, á wá gbójú sókè. “Àdùkẹ́. Ìwọ mà ni!” Ohun tí mo rò pé ó fín fún àwọn tí kò mọ̀ mí, òun gan-an ló ń lò ó báyìí.

Ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni wọ́n ní kí n wá bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ̀yin tí ẹ ti yọ fínfín rí, àti ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá tí ó ń gbàgbé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ ni? Tí ẹ bá sì ní kí n dúró títí Màmá kò fi ní nílò rẹ̀ mọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró, tí kò fi ní dà bíi pé ikú rẹ̀ ni mò ń retí?