Àdúrà Nìkan Ló Wà Níbẹ̀

Kí wọ́n yéé sọ pé mo yájú sí àgbà jàre. Ìyá mi ni mo gbà sílẹ̀.

Ìtọ̀ ṣúgà ń bá Mọ́mì fínra. Òògùn wọn, wọn ò gbọ́dọ̀ lò ó láìjẹun. Àmọ́ mi ò ríṣẹ́ láti ọdún méjì, ni Bàbá tó ń kọ́ wa ní Sọ́ńdè sukúù, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Dutse Alhaji, bá ní ẹ̀mí kan ló ń dí mi lọ́nà, kí Mọ́mì gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọlọ́jọ́ mẹ́ta lé e lọ. Kò sóúnjẹ, kò sómi, kò sóògùn. Ẹsẹ Máàkù kan ni wọ́n dì mú, pé irú ẹ̀mí bẹ́ẹ̀ kì í jáde àfi pẹ̀lú àdúrà àti ààwẹ̀.

Sátidé ni Mọ́mì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi di àárọ̀ Sọ́ńdè, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n bí wọ́n ṣe ń wé gèlè. Mo ti ka ẹsẹ yẹn nínú Bíbélì Yorùbá tuntun lórí fóònù mi. Àdúrà nìkan ló wà níbẹ̀. Mo fi han Mọ́mì, wọ́n pòṣé. Bíbélì dúdú tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn nìkan ni wọ́n gbà gbọ́.

Ní kíláàsì, gbogbo wa la jọ máa ń ka ẹsẹ sókè. Bí kíláàsì ṣe pe "àti ààwẹ̀" báyìí, mo dìde. Mo ní, "Bàbá, kò sí ààwẹ̀ nínú tèmi o."

Bàbá wò mí látorí gíláàsì wọn. "Ọmọ fóònù, dátà ẹ ló tán kó tó débẹ̀."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kai, inú bí mi. Mo ní kí Bàbá ṣí Bíbélì tuntun tí ṣọ́ọ̀ṣì fún wọn nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Garki. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá, náílọ́ọ̀nù ò tíì kúrò lára ẹ̀.

Wọ́n ya náílọ́ọ̀nù. Wọ́n kà á. Wọ́n tún un kà, wọ́n wá sọ̀ kalẹ̀ sí àlàyé kékeré tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé. Wọ́n ní àlàyé yẹn sọ pé ààwẹ̀ wà nínú àwọn Bíbélì àfọwọ́kọ àtijọ́ kan, kò sí nínú àwọn mìíràn. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n bọ́ gíláàsì, wọ́n kọjú sí Mọ́mì.

"Ìyá, ẹ lọ jẹun. Àdúrà la máa gbà."

Mọ́mì ò wò mí. Àmọ́ mo ra mọ́ínmọ́ín fún wọn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n lo òògùn, ọwọ́ wọn dúró. Ara mi wá fúyẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mọ́mì ní kí n lọ bẹ Bàbá. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Àwọn kan ṣì ń sọ pé ó yẹ kí n dúró dìgbà tí ìsìn bá parí. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ìyá yín ló ń gbọ̀n yẹn, ṣé ẹ máa dákẹ́?